Èmi Ni Mo Jẹ́ Kí Wọ́n Lé Ìyá Múfú Kúrò Nílé

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ yìí, mo kí yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ wá orúkọ mi. Olùkọ́ ni mí, obìnrin ni mí, ó sì ku díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì. Ó ti ń sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìwé kíkà nílùú Ṣábẹ̀ẹ́, lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí. Kì í ṣe iṣẹ́ náà ló rẹ̀ mí. Ohun kan tí mo gbé sínú láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ló rẹ̀ mí.

N kò sọ ọ́ fún ọkọ mi títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a. N kò sọ ọ́ fún fádà. Mo máa ń lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì bí àwọn yòókù, mo máa ń ka àwọn kéékèèké sílẹ̀ fún un, pé mo bínú, pé mo sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn. Tó bá ti kan eléyìí, mo máa ń fò ó. Mo ti mọ̀ ọ́n fò.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni pé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó ń bọ̀, àwọn ènìyàn kan fẹ́ lọ sí Bessé, ìletò kan nítòsí wa, lọ bá obìnrin arúgbó kan. Wọ́n ní àjẹ́ ni. Wọ́n ní ó ti orí ọmọ pa, kò jẹ́ kí ọmọ mọ̀wé. Obìnrin náà kò ṣe nǹkan kan. Yàtọ̀ sí òun fúnra rẹ̀, èmi nìkan ni mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ láyé yìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Tí mo bá ń rìn gbéregbère nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á fún mi.

Kétu ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí ìjọba gbé mi wá sí Ṣábẹ̀ẹ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ni, n kò tíì lọ́kọ. Wọ́n fún mi ní CI, kíláàsì àkọ́kọ́ pátápátá, àwọn ọmọ tí wọn kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń di ẹfun ìkọ̀wé mú. Wọ́n ju àádọ́rin lọ. Mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń há ara wọn mọ́ orí àga gbọọrọ tó yẹ kó gba méjì. Ìwé kíkà kan, ọmọ márùn-ún ló ń wò ó pọ̀. Faransé la fi ń kọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ Nàgó, ìyẹn Yorùbá tiwa, nìkan ni wọ́n ń gbọ́ nílé.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì kọ́ ọmọdé rí, ẹ gbọ́ bí a ṣe ń ṣe é. Ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ní àwòrán lókè. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ wà nísàlẹ̀ àwòrán náà. Màá kà á, wọn á gbà á lẹ́nu mi. Màá tún kà á, wọn á tún gbà á. Gbogbo kíláàsì á máa han. Àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà á gbọ́, wọn á ní, "Áà, Màdáàmù yìí mà ń ṣiṣẹ́ o!" Bí wọ́n ṣe ń pe olùkọ́ obìnrin lọ́dọ̀ wa nìyẹn, Màdáàmù. Ariwo yẹn máa ń tẹ́ èmi náà lọ́rùn. Mo rò pé ariwo ni ìwé kíkà.

Ọmọ kan wà nínú wọn tó ń jẹ́ Ràfátù. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Bàbá rẹ̀ jẹ́ àgbẹ̀, ó ń gbin iṣu, ó sì ní oko kajú. Ọmọ náà kéré, ojú rẹ̀ tóbi, ohùn rẹ̀ dùn. Tí mo bá ti ka ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀mejì, Ràfátù ti gbà á nìyẹn. Á dìde, á na ìka sí ìwé, á máa kà á geere láìṣi ọ̀rọ̀ kan pè. Ilé ìwé kò tíì wọlé ju oṣù mẹ́ta lọ o. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo wọn lọ. Mo sọ fún àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi pé mo ti ní ọmọ kan tó ń kàwé bíi rédíò.

Bàbá rẹ̀ gbọ́. Ó gbé iṣu wá fún mi, ó dúpẹ́ títí ojú fi tì mí. Ó ní nínú gbogbo ìdílé àwọn, kò sí ẹni tó mọ orúkọ ara rẹ̀ kọ. Ó ní ọmọ yìí ló máa jẹ́ ojú fún àwọn. Mo gba iṣu náà, mo gún un jẹ.

Ìyàwó méjì ni bàbá náà ní. Ìyá Ràfátù ni ìyálé. Ìyàwó kejì ni Ìyá Múfú, obìnrin gígùn kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń pa kajú. Òróró èèpo kajú máa ń jó ènìyàn lọ́wọ́, nítorí náà orí ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló dúdú. Múfú, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, kò tíì tó wọ ilé ìwé nígbà yẹn. Ìyá Ràfátù máa ń ná ọjà káàkiri, Ìyá Múfú ló sì máa ń wà pẹ̀lú àwọn ọmọ ní ìrọ̀lẹ́. Òun ni Ràfátù ń ka ìwé sí létí.

Lọ́jọ́ kan, àwọn ọmọ ti jáde lọ ṣeré, àwa olùkọ́ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Mo rí Ìyá Múfú tó ń bọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí wa.

"Màdáàmù, ẹ má bínú o. Ọ̀rọ̀ Ràfátù ni mo bá wá. Ọmọ yẹn kì í wo ìwé."

Mo bi í pé báwo ni kò ṣe ń wo ìwé.

"Ògiri ló ń wò. Tó bá ń kà á, ìka rẹ̀ wà lórí ìwé, ojú rẹ̀ wà lára ògiri. Ó dà bí ẹni tó ń kọrin. Mo ṣí ìwé sí ibòmíì mọ́ ọn lọ́wọ́ lánàá, kò mọ̀. Ó ń kà á lọ ni."

Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú ń bí mi. Mo ní, "Ìyá Múfú, nínú èmi àti ẹ̀yin, ta ló lọ sílé ìwé?" Ó ní, "Ẹ̀yin ni, Màdáàmù." Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, kó padà sídìí kajú rẹ̀, kó fi ìwé sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn, ẹ̀rín sì tún bẹ́. Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, nígbà tí àwọn yòókù ti lọ sílé, mo dá Ràfátù dúró. Mo ṣí ìwé, mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo àwòrán. Mo ní, "Kà á fún mi." Ó wò mí. Ó wo ọwọ́ mi. Mo gbé ọwọ́ kúrò, ó rí àwòrán, ẹnu rẹ̀ ṣí, ó kà á tán láìmí. Mo wá fi ìka kan ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láàárín, mo ní kí lèyí? Ọmọ náà bú sẹ́kún.

Kò mọ ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé náà. Ó ti há gbogbo rẹ̀ sórí. Àwòrán ló ń sọ ibi tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ fún un.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Ká ní mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ lọ́tun lọ́jọ́ kejì ni, ó dá mi lójú pé ì bá ti tọ́. Ọmọ tó ní irú orí bẹ́ẹ̀, oṣù méjì kò ní pé. Àmọ́ alábẹ̀wò ń bọ̀, ẹni tí ìjọba máa ń rán láti wá wò bóyá olùkọ́ mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni ìwé tó máa fi ìdí iṣẹ́ mi múlẹ̀ wà. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kó dé. Nínú gbogbo àwọn ọmọ yẹn, n kò ní ẹlòmíì tí mo lè fi yangàn. Mo nu ojú Ràfátù. Mo ní, "Má sunkún mọ́. O mọ̀wé. Ìwọ lo mọ̀wé jù."

Ọjọ́ tí alábẹ̀wò dé, mo ní kí Ràfátù dìde. Mo ṣí ìwé sí ojú ewé tó mọ̀ jù, mo sì gbé e síwájú rẹ̀ kí àwòrán lè hàn sí i. Ó kà á. Ọkùnrin náà yọ awò ojú rẹ̀, ó pàtẹ́wọ́, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo rí ìwé iṣẹ́ mi gbà kí ọdún tó parí.

Mo fún Ràfátù ní ipò kìíní, mo tì í lọ sí kíláàsì kejì. Olùkọ́ tó gbà á níbẹ̀ gbọ́ bó ṣe ń kà á, òun náà fi í yangàn. N kò sọ nǹkan kan fún un. Kí ni mo máa sọ?

Kíláàsì kẹrin ló ti wá burú. Àwòrán ti dín kù níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti gùn. Olùkọ́ á pe ohun tí wọn kò gbọ́ rí, á ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé Ràfátù á wà lófìfo. Wọ́n nà án. Wọ́n pè é ní ọ̀lẹ. Wọ́n tún nà án. Ọmọ tó máa ń kọrin kiri ilé tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tó ń sá pamọ́ sẹ́yìn ilé láàárọ̀, kí wọ́n má baà rí i rán lọ sí ilé ìwé.

Lásìkò yìí kan náà, Múfú ti wọ ilé ìwé, ó sì ń kàwé. Ẹ má rò pé olùkọ́ rẹ̀ sàn jù mí lọ o. Ìyá rẹ̀ tí kò mọ lẹ́tà kan ṣoṣo ló kọ́ ọ.

Ohun tí obìnrin náà ṣe nìyí. Ó gé páálí kan, ó fi ń bo àwòrán. Ó wá ní kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ojú ìwé, kó máa ka ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bọ̀ wá sókè, kó má baà lè fi orin kà á. Òun kò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń wí, àmọ́ ojú rẹ̀ ń rí bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Tí ọmọ bá ti pe ọ̀rọ̀ kan nísàlẹ̀, á wá èyí tó jọ ọ́ lókè, á fi ìka dúdú rẹ̀ kàn án. "Èyí ńkọ́?" Tí ọmọ bá pè é ní nǹkan mìíràn, á ní, "Irọ́ lo pa, padà lọ wò ó." Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni, lórí ẹní, níwájú ilé, tó bá ti ti ibi kajú dé. Ó fẹ́ kọ́ Ràfátù bẹ́ẹ̀ náà. Ìyá Ràfátù ní kó fi ọmọ òun sílẹ̀ jẹ́ẹ́, pé ọmọ òun mọ̀wé, Màdáàmù ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ràfátù kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á sí èèyàn burúkú. Ó rí i pé ọmọ òun tó ń kàwé bíi rédíò ti ya odi níwájú ìwé. Ó rí i pé ọmọ orogún òun, tó kéré sí tòun, ń kà á. Ó wá dé láti ọjà lọ́jọ́ kan, ó bá orogún rẹ̀ lórí ẹní, tó ń mú ọmọ ka ìwé láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ó fi igbe ta. Ó ní wọ́n ti gba ìwé lórí ọmọ òun, wọ́n ti gbé e fún Múfú. Gbogbo àdúgbò rọ́ dé. Ta ló ti rí ẹni tó ń ka ìwé sẹ́yìn rí? Wọ́n ní ọfọ̀ ni.

Wọ́n pe ìpàdé ẹbí. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá, torí pé èmi ni mo mọ̀wé, èmi ni mo sì kọ́kọ́ kọ́ ọmọ náà. Mo múra dáadáa lọ. Wọ́n gbé àga fún mi láàárín àwọn àgbà. Ìyá Múfú wà lórí ẹní lẹ́bàá ògiri, Múfú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di aṣọ rẹ̀ mú.

Bàbá Ràfátù ló bi mí. "Màdáàmù, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé níbí yìí. Ohun tẹ́ ẹ bá sọ la máa gbà. Nígbà tí ọmọ yìí wà lọ́wọ́ yín, ṣé ó mọ̀wé kà àbí kò mọ̀ ọ́n?"

Mo ní, "Ó mọ̀ ọ́n kà dáadáa."

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ní, "Ṣé bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe ń kọ́ wọn nílé ìwé, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè?"

Mo ní, "Rárá o. A kì í kọ́ wọn bẹ́ẹ̀."

Ìyá Múfú fẹ́ ṣàlàyé. Ó ní, "Tó bá fi orin kà á, kò tíì kà á." Wọ́n ní kó pa ẹnu mọ́. Ìyá Ràfátù wá dìde. Ó ní kí wọ́n bi mí ẹni tó wá bá mi nílé ìwé pé Ràfátù kò mọ̀wé, nígbà tí gbogbo ayé ń yin ọmọ náà. Ó ní báwo ló ṣe mọ̀ kó tó ṣẹlẹ̀, tí kì í bá ṣe òun ló ṣe é? Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo ní, "Òótọ́ ni. Òun ló wá bá mi."

Ìyá Múfú kò sunkún. Ó kàn wò mí. Ó ní, "Màdáàmù, ẹ ṣáà mọ̀." Èmi wo ẹsẹ̀ ara mi. Bàtà tuntun ni mo wọ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo ṣì rántí àwọ̀ rẹ̀.

Gbólóhùn kan péré ni ì bá gbà á là. Pé ọmọ yìí kò mọ̀wé rí, pé mo mọ̀, pé n kò wí. Àmọ́ wọn á bi mí pé kí ló dé tí mo fi fún un ní ipò kìíní. Ọ̀gá ilé ìwé á gbọ́. Alábẹ̀wò á gbọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó, mo lóyún. Mo ń sọ fún ara mi pé wọ́n kàn máa bá a wí ni, pé ọ̀rọ̀ ẹbí máa ń tán nílẹ̀.

Kò tán nílẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n ti lé e. Bessé ni ilé àwọn òbí rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ní kó padà sí. Wọ́n gba Múfú lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní ọmọ bàbá rẹ̀ ni. Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ fún mi pé nígbà tó ń lọ, ó ki páálí yẹn bọ Múfú lọ́wọ́. Wọ́n já a gbà, wọ́n fi iná sun ún.

Ràfátù kò mọ̀wé náà. Wọ́n fi oríṣiríṣi nǹkan wẹ orí rẹ̀, wọ́n gbààwẹ̀, wọ́n gbàdúrà, pàbó ló já sí. Ó fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì karùn-ún, wọ́n ní kó lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Ẹ wá wò ó báyìí. Àwọn obìnrin ń ti ọ̀nà jíjìn wá rán aṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀, torí pé kì í kọ ìwọ̀n ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Á wọ̀n ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ó ṣì mọ̀ bí èjìká rẹ ṣe fẹ̀ tó. Wọ́n ní ẹ̀bùn ni. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti ń rán aṣọ. Á kúnlẹ̀ kí mi, á ní, "Màdáàmù mi, ẹ̀yin nìkan lẹ ṣì mọ̀ pé orí mi pé tẹ́lẹ̀." Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo máa ń gba aṣọ mi.

Nǹkan mìíràn tún wà. Òun ló ń tì mí lójú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn tí Ìyá Múfú lọ, èmi náà gé páálí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bo àwòrán. Mo ń mú àwọn ọmọ ka ìwé láti ìsàlẹ̀ bọ̀ wá sókè, mo ń mú wọn wá ọ̀rọ̀ kan náà kiri ojú ìwé. Mo ń jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sórí pátákó ọwọ́ wọn láìwo ìwé. Wọ́n mọ̀ ọ́n kà, wọ́n mọ̀ ọ́n kọ. Ọmọ tèmi náà, bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Alábẹ̀wò mìíràn wá, ó ní irú èyí dára o, ta ló kọ́ mi? Mo ní èmi ni mo ronú rẹ̀. Àwọn olùkọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ń pè é ní páálí Màdáàmù títí dòní. Wọn á máa yìn mí. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń yìn mí ni ó máa ń rẹ̀ mí dé egungun.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Ràfátù wá sílé mi. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, Fàrídà, tó wà ní kíláàsì àkọ́kọ́ nílé ìwé mìíràn. Ó ní kí ọmọ kàwé fún mi. Ọmọ náà ṣí ìwé, ó na ìka, ó kà á geere. Ojú rẹ̀ wà lára ògiri mi, níbi tí mo gbé àwòrán ọkọ mi kọ́ sí.

Ràfátù ti ń sunkún. "Ẹ rí i, Màdáàmù? Ó ń kà á báyìí, àmọ́ olùkọ́ rẹ̀ ní kò mọ ọ̀rọ̀ kan kọ. Bí tèmi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Obìnrin yẹn kò tíì kú, ọwọ́ rẹ̀ ló tún nà dé ọ̀dọ̀ ọmọ mi." Ó ní àwọn ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin ti fẹnu kò. Tí wọ́n bá kírun Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí tán, wọn á gun alùpùpù lọ sí Bessé, kí obìnrin náà wá sọ ibi tó gbé ìwé ọmọ pamọ́ sí. Ó ní inú ń bí wọn gan-an, òun kò mọ ohun tí wọ́n máa ṣe fún un.

Ẹ wo ibi tó yẹ kí n ti sọ ọ́. Èmi àti òun nìkan ni, pẹ̀lú ọmọ. Mo la ẹnu. Ohun tó jáde ni pé, "Fọkàn balẹ̀. Màá bá ọmọ náà ṣe é." Mo bu omi fún un mu, mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kejì, mo gba Bessé lọ. Mo ní màá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tí mo ṣẹ̀ kí n tó sọ ọ́ fún ẹlòmíì. Mo ń tò ó sẹ́nu láti ìlú títí dé ibẹ̀. Mo bá a níwájú ilé, ó jókòó sórí àpótí, ó ń bó ẹ̀pà sínú igbá. Ó ti gbó, ó ti rù. Orí ìka rẹ̀ ṣì dúdú. Ó mọ̀ mí kí n tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Màdáàmù, ẹ káàbọ̀," ó sì fẹ́ kúnlẹ̀. Mo sáré dì í mú. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi.

Ó bu omi wá. Ó sọ fún mi pé Múfú wà ní Parakou, pé ó máa ń yà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, pé kì í pẹ́ lọ. Ó ní òun kò mọ ohun tí wọ́n sọ fún un nípa òun nígbà tó ń dàgbà, òun kò sì bi í. Ó padà sídìí ẹ̀pà rẹ̀. Mo ń wá ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ràfátù ńkọ́? Ṣé ó ti wá mọ̀wé kà báyìí?"

Mo ní rárá.

Ó mi orí. "Ó mà ṣe o. Orí ọmọ yẹn pé jù ni. Òun ló fà á."

Mo sọ fún un pé Ràfátù ti bímọ, pé ọmọ náà ti wọ ilé ìwé, pé ojú tòun náà wà lára ògiri. Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú igbá. Ó wò mí bó ṣe wò mí lọ́jọ́ ìpàdé. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ síwájú, ó rẹ ohùn sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí wa.

"Ẹ fi páálí bo àwòrán náà, Màdáàmù. Ẹ jẹ́ kó kà á láti ìsàlẹ̀. Kò ní pẹ́, á mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, inú yàrá ni kẹ́ ẹ ti ṣe é o. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ará ilé rí yín."

N kò lè sọ ọ́ mọ́. Ẹ ṣépè fún mi tẹ́ ẹ bá fẹ́. Mo lọ tọrọ àforíjì, ẹni tí mo bà jẹ́ ló wá ń wá bí wọn kò ṣe ní bà mí jẹ́. N kò sọ ti Jímọ̀ fún un pàápàá. Ó bu ẹ̀pà fún mi, ó ní kí n máa jẹ ẹ́ lọ lójú ọ̀nà. Ẹ̀pà náà wà lórí tábìlì mi níbí, n kò lè jẹ ẹ́, n kò sì lè dà á nù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la wà yìí. Orí fóònù ni mo ti ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí, ọwọ́ mi ń dùn mí. Ẹ̀yin tí ẹ kà á dé ibí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn. Ṣé Ràfátù nìkan ni kí n sọ ọ́ fún, kó lọ dá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró? Àbí kí n padà sí ilé bàbá rẹ̀ níbi tí mo ti parọ́, kí n jókòó sórí ẹní lọ́tẹ̀ yìí, kí n sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn? Bàbá náà ṣì wà láàyè. Ó ṣì máa ń fi iṣu ránṣẹ́ sí mi lọ́dọọdún. Múfú ńkọ́, ta ló máa sọ fún un pé ìyá rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan?

Ẹ má sọ fún mi pé Ọlọ́run á dárí jì mí. Mo mọ̀. Ohun tí màá fi ẹnu mi sọ ni mò ń bi yín.

Ní ìrọ̀lẹ́ òní, Fàrídà ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi fún ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Mo ti gé páálí. N kò ní kọ́ ọ nínú yàrá. Mo ti tẹ́ ẹní síwájú ilé, létí ọ̀nà, níbi tí gbogbo ẹni tó ń kọjá á ti rí wa, a ó sì kà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ràfátù á wá mú ọmọ rẹ̀, á bá wa níbẹ̀, á sì bi mí ẹni tó kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run, kí ẹnu mi lè dárúkọ Ìyá Múfú.